"Many" àti "Much": Ìtàn Púpọ̀ Tó Pín sí Méjì

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, àti ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, ẹ ó rántí àwọn ọ̀rọ̀ tí bírò pupa kì í fojú fò: "much people", "many informations", "few" níbi tó yẹ ká kọ "a few". Ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n fi dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sílẹ̀, kó tó di yunifásítì ní 2020 tó ń jẹ́ orúkọ Bámidélé Olúmilúà. Nítorí náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ sínú ìwé lónìí ni yóò kọ sójú bọ́ọ̀dù fún àwọn ọmọ Ìsẹ̀ àti Èmùré lọ́la. Ohun tí a fẹ́ sọ ni pé àṣìṣe yìí kì í ṣe ti òpè. Ó ní ìtàn, ẹni tó bá sì mọ ìtàn náà yóò tètè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní èdè wa, púpọ̀ kì í béèrè irú ohun tí a ń sọ. Èèyàn púpọ̀, omi púpọ̀, ìrẹsì púpọ̀: ọ̀kan náà ni. Díẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ pàápàá kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. Èyí kò sọ pé a kò mọ ohun kà. Èdè tó ń mú àádọ́ta, tó yọ márùn-ún nínú rẹ̀ kó tó rí 45, kò ṣe é fojú kéré nínú ìṣirò. Abájọ tí Adolphus Mann fi kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ètò òǹkà Yorùbá ní 1887.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó la ọ̀nà fún títo èdè méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò gan-an, ṣùgbọ́n "many" àti "much" yóò máa pàdé lábẹ́ púpọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀, ọmọ ilé-ìwé yóò sì gbà pé ìbejì ni wọ́n. Ní oṣù kìíní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ rọ́ wọ ilé-ìwé, olùkọ́ tó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì tó. Níbi tí olùkọ́ kò bá ti ráyè ṣàlàyé, òfin gírámà a di àkọ́sórí.

Bẹ́ẹ̀, ọjà ti kọ́ wa ní ohun tí òfin náà ń wí. Iṣu là ń kà: iṣu mélòó? Gààrí là ń wọ̀n: kóńgò mélòó? Kò sẹ́ni tó ń ka hóró gààrí. Ohun tí a bá lè kà bí iṣu, "many", "few" àti "fewer" ló ń bá a lọ. Ohun tó bá nílò kóńgò, ife tàbí àpò ká tó lè kà á, "much", "little" àti "less" ni tirẹ̀. Bí a bá sì ti dárúkọ kóńgò, "many" tún padà dé, nítorí kóńgò ṣe é kà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ohun tí Yorùbá ń kà bí iṣu, tí Gẹ̀ẹ́sì sì ń wọ̀n bí gààrí: "furniture", "equipment", "luggage", "advice", "information". A lè ka àga mẹ́fà, ṣùgbọ́n "six furnitures" kò sí. "Piece" ni kóńgò wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti kọ "informations" àti "advices" rí láyé àtijọ́. Ọba Alfred lo "less" fún ohun tó ṣe é kà ní nǹkan bí ọdún 888. Ó di 1770 kí Robert Baker tó kọ ọ́ sínú ìwé pé "fewer" ló dùn mọ́ òun níbẹ̀. Ohun tó wu ẹnì kan ló di òfin tí wọ́n fi ń gba máàkì lọ́wọ́ wa! Síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ yege gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ti "few" àti "a few" ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. "A few farmers agreed" ń sọ pé àgbẹ̀ díẹ̀ gbà. "Few farmers agreed" ń sọ pé àwọn tó gbà kò tó nǹkan. Ẹni tó bá ṣi èyí kọ nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti yí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ náà padà.

Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Ẹ gbé kóńgò àti iṣu wọ kíláàsì.