Gíráàfù Tó Ń Jáde ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú

Àwọn kan gbà pé yíya gíráàfù sínú PDF lórí Linux kò kan Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó (LASU) ti ń kọ́ àwọn ẹnjiníà. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1977 sì di yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìkòròdú ní 2022. Gnuplot, sọ́fíwíà tí a fi ń ya gíráàfù, ti wà láti 1986, ó ṣáájú Linux ti 1991 àti PDF ti 1993, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó kó tó lò ó. Ta ni ọ̀fẹ́ wúlò fún tó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó sọ́fíwíà?

Wọ́n á ní àwòrán PNG ti tó. Rárá o: àmì kéékèèké ni PNG tò jọ, bí a bá fẹ̀ ẹ́, ó di bàìbàì. Kọ “set terminal pdfcairo” nínú gnuplot, PDF á fi nọ́ńbà pa ibi tí ìlà gbà mọ́, á sì mọ́ kedere bó ti wù kó tóbi tó. Lóòótọ́, Excel yá fún ẹni tó ń kánjú. Ṣùgbọ́n àṣẹ gnuplot wà ní kíkọ sílẹ̀: bí àpẹẹrẹ, bí ìwọ̀n omi ọ̀sà tó ń yà bá yí padà, akẹ́kọ̀ọ́ á tún gíráàfù yà lójú ẹsẹ̀, olùkọ́ á sì rí bó ṣe ṣe é. Ọdún kìíní ló yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kọ́ gnuplot, kí iṣẹ́ àṣekágbá tó dé.