Ọkọ̀ Tí Òfin Ní Kó Kọ́kọ́ Gbó

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, inú àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà dùn bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti àjò dé. Kì í ṣe pé ọkọ̀ tuntun jáde o. Ọkọ̀ àtijọ́ kan, Nissan Skyline GT-R tí wọ́n ń pè ní R34, ló bẹ̀rẹ̀ sí í pé ọdún 25, tí òfin wá ní kó máa wọlé. Ìgbà tó ṣì ń dán, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìgbà tó gbó ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Létí àwa ọmọ Nàìjíríà, àfi bí àlọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ àlòkù tó bá ti ju ọdún 12 lọ wà lára ohun tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù kà léèwọ̀. Orílẹ̀-èdè kan ní kí ọkọ̀ dàgbà kó tó wọlé, èkejì ní kó má dàgbà jù. Àwa tí iṣẹ́ òòjọ́ wa jẹ́ kíkọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà mọ̀ pé bí ìlànà méjì bá ta ko ara wọn báyìí lórí ohun kan náà, kì í ṣe ohun náà ló yẹ ká yẹ̀ wò. Ẹni tó kọ ìlànà, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́, ló yẹ ká wádìí. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tọpa òfin ọdún 25 yìí dé orísun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ tí à ń sọ. Ọdún 1989 ni Nissan gbé Skyline GT-R R32 jáde ní Jàpáánì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, RB26DETT, jẹ́ lítà 2.6, ó ní sílíńdà mẹ́fà àti tọ́bò méjì, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń pín agbára rẹ̀. Lórí ìwé, agbára yìí kò ju 280 PS lọ, torí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Jàpáánì ti jọ fẹnu kò pé àwọn ò ní polówó ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé nìyẹn o! Àwọn mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ rí i pé irin ẹ́ńjìnnì náà le gan-an: bí wọ́n bá pààrọ̀ tọ́bò, tí wọ́n fi sàléńsà tó fẹ̀ sí i, tí wọ́n tún ìlànà inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ, agbára náà lè di ìlọ́po méjì. Ní Ọsirélíà, R32 gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje Bathurst 1000 ní 1991, ó tún gbà á ní 1992. Àwọn ará ibẹ̀ ló sọ ọ́ ní Godzilla. R33 tẹ̀lé e ní 1995, R34 ní 1999. Ní 2002, Nissan dáwọ́ dúró lórí rẹ̀.

Nissan ò ta ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Amẹ́ríkà. Bí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ṣe wá mọ̀ ọ́n náà ni àwa níbí ṣe mọ̀ ọ́n: nínú géèmù Gran Turismo, tó jáde lórí PlayStation ní 1997. Àwa tí à ń san owó kékeré ní ilé géèmù àdúgbò ká tó jókòó mú páàdì ti wa Skyline kiri kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ní ìwé ìwakọ̀. Nínú géèmù, kò sí aṣọ́bodè.

Kí ló wá dé tí ará Amẹ́ríkà tó lówó lọ́wọ́ ò kàn lè rà á wálé? Ìtàn náà ṣáájú Skyline. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1968 ni Amẹ́ríkà ti ní ìlànà ààbò tirẹ̀ fún ọkọ̀, lórí iná, bẹ́líìtì, gíláàsì, àti bí ọkọ̀ ṣe gbọdọ̀ dáàbò bo èrò inú rẹ̀ bó bá forí sọ nǹkan. Ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù àti ti Jàpáánì. Síbẹ̀, ọ̀nà àbáyọ wà: ẹni tó bá ra ọkọ̀ lókèèrè lè gbé e fún oníṣẹ́ kí wọ́n tún un ṣe títí yóò fi bá ìlànà mu.

Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, dọ́là lágbára púpọ̀ lórí owó Jámánì. Ẹni tó bá lọ ra Mercedes ní Jámánì, tó san owó ọkọ̀ ojú omi, tó sì san owó àtúnṣe, ó ṣì lè jèrè ju ẹni tó rà á lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Àwọn irú ọkọ̀ kan tiẹ̀ wà, bíi 500SEL, tí àwọn aṣojú ò tà rárá nígbà náà. Báyìí ni ọjà ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní 1985, ọkọ̀ tó gba ọ̀nà yìí wọlé ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta lọ.

Ká má parọ́, àwọn oníṣẹ́ kan nínú ọjà náà kò ṣe é dáadáa. Ẹlòmíì á kàn lẹ irin mọ́ ilẹ̀kùn, á buwọ́ lùwé pé ó ti parí. Ọ̀rọ̀ ààbò wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ àwọn tó ké jù ní Washington kì í ṣe èrò ojú títì. Àwọn aṣojú ọkọ̀ tí oníbàárà ń sá fún ni, Mercedes sì wà níwájú wọn. Wọ́n náwó, wọ́n nára, wọ́n bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ títí. Ní 1988, Ààrẹ Reagan buwọ́ lu òfin tuntun lórí ọkọ̀ tó ń ti òkèèrè wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1990.

Òfin náà ní ọkọ̀ tí kò bá tíì pé ọdún 25, tí wọn ò sì ṣe é ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà Amẹ́ríkà, kò gbọdọ̀ wọlé, àfi tí NHTSA, àjọ ààbò ọ̀nà, bá gbà pé irú ọkọ̀ náà ṣeé tún ṣe. Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló sì lè tún un ṣe mọ́. Ẹni tí ìjọba forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan ni, yóò sì fi owó ìdúró tó jẹ́ ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iye ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Kí nìdí tó fi jẹ́ 25? Bí ó bá jẹ́ ààbò nìkan ni, ọkọ̀ tó ti gbó ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ bani jù. Lójú tiwa, ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni pé ọkọ̀ ọdún 25 kì í bá ọkọ̀ tuntun du oníbàárà. Ọkọ̀ tí kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu aṣojú, kó máa bọ̀.

Àwọn olówó náà fojú rí i. Bill Gates ra Porsche 959, ọkọ̀ náà sì wà ní àhámọ́ àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1999 ni ìjọba ṣí fèrèsé kékeré kan fún ọkọ̀ tó ṣọ̀wọ́n tó sì ní ìtàn: ó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rìn ju máìlì 2,500 lọ lọ́dún. Fèrèsé yẹn kò gba ọ̀pọ̀ Skyline.

Lákòókò yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ kan ní California tó ń jẹ́ MotoRex gba ẹnu ọ̀nà. Wọ́n fi R33 forí sọ ògiri bí ìlànà ṣe wí, wọ́n kó èsì rẹ̀ fún NHTSA, ìjọba sì gbà pé Skyline tó jáde láti 1990 sí 1999 ṣeé tún ṣe. Ọ̀nà ṣí! Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí nǹkan fi bà jẹ́. Àwọn ọkọ̀ kan jáde tí àtúnṣe wọn ò tíì parí, ilé-iṣẹ́ náà sì wó láàárín 2005 sí 2006. Ìjọba tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n ní R32 àti R34 kò jọ R33 tó bí wọ́n ṣe rò. Wọ́n ti ọ̀nà náà padà fún gbogbo wọn, àfi àwọn R33 kan.

Àwọn míì wá ọgbọ́n dá. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n kó ara ọkọ̀ wọlé lọ́tọ̀, wọ́n pè é ní ẹ̀yà ọkọ̀ tí àwọn fẹ́ tò fúnra wọn. R34 aláwọ̀ búlúù tí Paul Walker wà nínú fíìmù Fast & Furious ti 2009 gba irú ọ̀nà yìí wọlé. Ìjọba ò gbà. Ọkọ̀ náà kúrò nílùú, ó dèrò Jámánì. Ní 2023, wọ́n gbé e sọ́jà gbàǹjo, ó lọ fún ohun tó ju mílíọ̀nù kan dọ́là. Ọkọ̀ tí ìjọba ní kò yẹ lójú títì!

Nígbà tí ọgbọ́n tán, sùúrù ló kù. Kì í ṣe ọdún nìkan ni òfin ń kà, ó ń ka oṣù tí ọkọ̀ jáde ní ilé-iṣẹ́. R32 tó jáde ní oṣù kẹjọ 1989 gbọdọ̀ dúró di oṣù kẹjọ 2014. Láti 2020 ni R33 ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, láti 2024 ni R34. Àwọn kan ti ra tiwọn sílẹ̀ lọ́dún púpọ̀ ṣáájú, wọ́n gbà ibi ìgbọ́kọ̀sí fún un ní Jàpáánì, wọ́n ń ka oṣù.

Ọjà gbàǹjo ni wọ́n ti ń rà jù níbẹ̀. Ní Jàpáánì, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ọdún méjì-méjì ni ọkọ̀ ń ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní shaken, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kúkú tà á. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àyẹ̀wò tó ń fún un ní máàkì, bíi 4 tàbí 3.5. Bí ẹ bá rí lẹ́tà R níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ó ti ní jàǹbá rí.

Ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí lára ló ń pe èèyàn jù: tọ́bò ńlá, sàléńsà tó ń bú. Ìwé ìwọlé kò sì bìkítà fún ìyẹn. NHTSA ń béèrè ọdún 25. EPA, àjọ tó ń rí sí èéfín, ń béèrè ọdún 21, àmọ́ ó tún fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wà bí wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tó mú kí èèyàn fẹ́ràn ọkọ̀ náà gan-an ló lè dá a dúró lẹ́nu ibodè. Ní California, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: 1975 ni àyẹ̀wò èéfín dárí jì mọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba nọ́ńbà níbẹ̀ yóò tún ọkọ̀ náà ṣe síwá-sẹ́yìn kó tó kọjá.

Ibì kan ṣì kù tó ń pa àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́rìn-ín. Láti 1981, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní láti jẹ́ 17, nọ́ńbà àti lẹ́tà pa pọ̀. Kò gbọdọ̀ sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, ìkẹsàn-án ló sì ń yẹ àwọn yòókù wò bóyá wọ́n péye. Nọ́ńbà Skyline kúrú: BNR34, kí nọ́ńbà mẹ́fà sì tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kọ ìlànà 17 fún yóò ní kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé. Ọkọ̀ ń bẹ níta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, òṣìṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó ń pupa.

Ẹ̀rín yẹn kì í pẹ́ lẹ́nu wa, torí a mọ irú ẹ̀ nílé. Tòkunbọ̀ ni orúkọ tí à ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tó sì bọ̀ wálé. Àwa la mú orúkọ ọmọ, tí a fi sọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ti di èyí tí sítíárì rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti Kútọnú mọ́. Ní 2022, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó máa bu owó lé e. Àwọn ajẹ́ńtì fárígá ní èbúté Èkó, wọ́n ní kọ̀ǹpútà náà kò mọ ọkọ̀ tí jàǹbá ti rún yàtọ̀ sí èyí tó dáa.

A ò sọ pé kí ìjọba má ṣòfin. Ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti kú ń pa èèyàn, èéfín ń ba ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wa jẹ́. Ohun tí ìtàn Skyline kọ́ wa ni pé orúkọ ààbò lè bo ọ̀rọ̀ ọjà mọ́lẹ̀. Ẹ wò ó ná: òfin tí wọ́n ṣe kí ọjà aṣojú má bàa bà jẹ́ ló sọ ọkọ̀ àlòkù di ohun tó ń lọ fún ohun tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún dọ́là. Nissan ò sì rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Nọ́ńbà 12 tiwa náà, èèyàn ló yàn án, ó sì lè yí padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gbé òmíràn jáde, kí á má kàn sáré béèrè pé ọkọ̀ wo ló lè wọlé. Kí á béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe é, kí á sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni pe àwa tí à ń wọ ọkọ̀ náà.