ÀPÒ KÒKÓ ÀTI ORÚKỌ ẸNI TÍ Ó GBÌN ÍN

Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ìlú wa ti ń tẹ ìwé ọdọọdún yìí, a ti ka ìtàn àwọn ọba wa nínú rẹ̀, a ti ka ti ogun, ti ìjọ àti ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé-ìwé, àti ti ọ̀nà ọ̀dà tí ó wọ ìlú. Owó kòkó ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan wọ̀nyí, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tí ì kọ ìtàn àpò kòkó fún wa. Kì í ṣe ìtàn igi kòkó ni a ní lọ́kàn. Ohun tí a fẹ́ sọ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àpò lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò ní sàkání ìlú wa, àti ìbéèrè kan tí àwọn tí ń rà á ti ń bèèrè fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún: níbo ni kòkó yìí ti wá, ta ni ó sì gbìn ín? Ìbéèrè náà ti wá dé ẹnu ọ̀nà oko wa báyìí. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, tí òmíràn nínú wọn ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ, mọ ìdí rẹ̀ ju àwa tí a wà nílé lọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí ìbéèrè náà dún sókè, kì í ṣe àwa ni wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, ilé-iṣẹ́ Cadbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ra kòkó púpọ̀ láti São Tomé àti Príncipe, àwọn erékùṣù tí ó wà lábẹ́ àwọn Potogí. Ìròyìn ń kàn pé àwọn tí wọ́n ń kó láti Àǹgólà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹrú. Ní 1905 wọ́n rán Joseph Burtt lọ wò ó, ó sì jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Síbẹ̀, ó di oṣù Kẹta 1909 kí Cadbury, Fry àti Rowntree tó jáwọ́ nínú ríra kòkó náà. Ìwé ìròyìn Standard ti kọ ọ́ ní 1908 pé ohun tí Cadbury ń fi ẹnu dá lẹ́bi ni ó ń fi owó rà. Cadbury pè é lẹ́jọ́ pé ó ba òun lórúkọ jẹ́. Ní oṣù Kejìlá 1909, ilé-ẹjọ́ dá Cadbury láre, ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n bù fún un kò ju ìdámẹ́rin pẹ́nì kan lọ. Ẹni tí ó bá mọ ojú ẹjọ́ yóò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníṣòwò kòkó ti mọ̀ pé ibi tí ọjà ti wá lè ba orúkọ jẹ́ bí ọjà náà tilẹ̀ dára. Wọ́n yíjú sí Gold Coast. Nílẹ̀ tiwa náà, Agege Planters' Union tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907, tí J. K. Coker ṣe aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí kòkó wá pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba gbé àwọn olùyẹ̀wò dìde. Àwọn àgbà ìlú wa kò jẹ́ gbàgbé wọn. Wọn a ti irin oníhò ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ inú àpò, wọn a fa hóró kòkó yọ láti àárín àti láti ìdí, kí oníwàyó má baà kó èyí tí ó dára sókè kí ó sì fi ìdọ̀tí sísàlẹ̀. Wọn a ka 300 hóró, wọn a sì fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Wọn a ya èyí tí ó bu sọ́tọ̀, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí a kò bò tó, tí inú rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi síléètì tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ̀wé láyé ìgbà náà. Nínú ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò sí lábẹ́ àjọ FAO ní 1969, kòkó tí yóò gba ipò kìíní kò gbọdọ̀ ní ju 3 nínú 100 lọ nínú àléébù kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá yege, wọn a rán ẹnu àpò, wọn a sì fi èdìdì òjé tì í. Pọ́n-ùn 140 ni àpò kan, àpò 16 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí a bọ́ sí ìwọ̀n kìlógíráàmù, àpò di 62.5, 16 náà ni ó sì ń pé tọ́ọ̀nù. Ní èbúté, wọn a tún un yẹ̀ wò kí ó tó wọ ọkọ̀.

Ètò náà múná, ó sì yẹ ní yíyìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan: èdìdì yẹn ń sọ bí kòkó ṣe rí, kò sọ ẹni tí ó gbìn ín. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń bá bàbá wa ru kòkó lọ sí sítọ́ọ̀ alágbàtà. Bàbá wa kì í kánjú. Ọjọ́ 6 ni ó fi ń bo kòkó rẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì ń sá a títí yóò fi máa ró pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, ojú wa ni wọ́n ṣe dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì lé orí ti ẹlòmíràn tí ó ṣì tutù, tí wọ́n sì fi ṣọ́bìrì rò wọ́n pọ̀. Bàbá wa wò ó, ó gba owó rẹ̀, a sì lọ sílé. Nígbà tí a dé ọ̀nà ni ó tó sọ pé, “Iṣẹ́ mi ti parí síbẹ̀ yẹn.” Ọ̀rọ̀ náà kò yé wa nígbà náà.

Ti àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó, àwọn ẹlòmíràn ti kọ ọ́ dáadáa, a ó sáré kọjá níbẹ̀. Wọ́n dá ti kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1947. Ti Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀lé e ní 1954. Owó inú rẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 1955, ó sì kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn tí ó parí ní 1965. Ní 1986 ìjọba pa gbogbo irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́ nínú ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó di oníkòkó. Kòkó tútù, kòkó tí ó bu, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rà, orúkọ kòkó Nàìjíríà sì wọ́lẹ̀ lọ́jà àgbáyé. Gánà kò pa ìgbìmọ̀ tirẹ̀ rẹ́. Èdìdì ìjọba ṣì wà lẹ́nu àpò wọn, wọ́n sì ń gba owó lé e lórí nítorí rẹ̀.

Ó pa wá lẹ́rìn-ín pé SAP mìíràn wà láyé. Ní 1972, àwọn ọkùnrin 5 tí wọ́n kúrò ní IBM dá ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń jẹ́ SAP sílẹ̀ ní Jámánì, láti máa ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ ńlá yóò fi máa ṣàkóso ọjà, owó àti ìwé rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò bára tan rárá. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí èyí tí a mọ̀ ń tú èdìdì kúrò lẹ́nu àpò wa, irú ètò tí èkejì ń ṣe ni wọ́n fi ń di èdìdì tuntun ní òkè òkun.

Àìsàn ni ó lé wọn débẹ̀. Ní ìparí 1973 wọ inú 1974, kòkòrò àrùn salmonella mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ṣokoléètì Kérésìmesì kan tí wọ́n ṣe ní Kánádà ni wọ́n tọpasẹ̀ rẹ̀ dé, wọ́n sì fura sí hóró kòkó tí a kò tí ì yan. Ní ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 1974, ní ìlú Troy ní Ohio, wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ka àmì onílà wẹ́wẹ́ lára ìdì ṣingọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù. Díẹ̀díẹ̀, nọ́ńbà wọ ara gbogbo oúnjẹ.

A ó ṣàlàyé iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà náà bí a ti ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́. Kòkó tí ó wọ ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wàrà, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà. Bí wọ́n bá yan kòkó náà, tí wọ́n sì lọ̀ ọ́, ohun tí ó jáde a gba nọ́ńbà tuntun, kọ̀ǹpútà a sì so ó mọ́ ti àkọ́kọ́ bí a ti ń so ọmọ mọ́ ìyá. Ẹ̀rọ tí ó lọ̀ ọ́, wákàtí, òṣìṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀, àbájáde àyẹ̀wò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí àyẹ̀wò kò bá tí ì yege, ètò náà kò ní gbà kí wọ́n tẹ ìwé tí ọkọ̀ yóò fi gbé ọjà jáde. Bí ẹnìkan bá wá ṣàìsàn, wọn a ka nọ́ńbà ara páálí, wọn a lọ sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ ìyá àti ìyá ìyá, wọn a sì padà wá síwájú dé ọ̀dọ̀ gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yòówù tí wọ́n wà. Àwọn arọ́kin wa ìbá mọ̀ ọ́n ṣe. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2005, òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti sọ ọ́ di ọ̀rànyàn pé kí oníṣòwò oúnjẹ lè sọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti ra ọjà àti ilé-iṣẹ́ tí ó tà á fún. Ní 2022, nígbà tí salmonella tún jáde láti ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní Arlon ní Bẹ́ljíọ̀mù, ó lé ní 300 ènìyàn tí ó mú, ọjà náà sì ti dé orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100. Láìsí nọ́ńbà, báwo ni wọn ì bá ti ṣe kó o padà?

Òfin 2005 kò béèrè ju ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn àti ìgbésẹ̀ kan síwájú. Ẹni tí ó tà á ní èbúté ni wọ́n mọ̀; wọn kò mọ bàbá wa. Òmíràn ni ó ń bọ̀ lọ́nà yìí. Yúróòpù ṣe òfin 2023/1115 ní 2023, pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, pákó àti màlúù kò gbọdọ̀ wọlé bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020. Ìparí 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dá pé yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sún un sí ìparí 2025. Wọ́n tún sún un sí ìparí 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Gbogbo oko ni a gbọ́dọ̀ kọ ibi tí ó wà, ní ìlà ìbú àti ìlà òòró, dé nọ́ńbà 6 lẹ́yìn ààmì ìdá. Oko tí ó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, èyí tí ó tó éékà 10, a gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yíká. Kòkó tí a mọ oko rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí tí a kò mọ̀. Ṣọ́bìrì sítọ́ọ̀ ọjọ́sí ti di ẹ̀ṣẹ̀.

Àwa kò bá wọn jà nítorí igbó. Ẹni tí ó bá dàgbà nílùú wa mọ iye odò tí ó ti gbẹ. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù nínú òwò yìí ni ẹrù ìwé yóò já lé lórí. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa kò ní ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ ẹbí ni, tàbí ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Àwọn kan wà nínú igbó ìjọba láti ìgbà bàbá wọn, òfin tuntun náà sì ń béèrè pé kí òfin ilẹ̀ ẹni ti oko lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá sí nínú kọ̀ǹpútà yóò dàbí ẹni tí kò gbin nǹkan kan. Yóò tà á ní ẹ̀dínwó fún ẹni tí yóò fi orúkọ oko ẹlòmíràn bò ó. A sì gbọ́dọ̀ bèèrè ẹni tí yóò tọ́jú ìwé náà. Àwọn alágbàtà ti ń rán àwọn ọ̀dọ́ wá pẹ̀lú fóònù láti ya oko, èyí tí ó dára, ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá fẹ́ tà fún ẹlòmíràn lọ́dún tí ń bọ̀, ọwọ́ alágbàtà àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ oko rẹ̀ wà. A rí irú èyí rí nínú gbèsè kòkó.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ wa fi pinnu pé kí a ya àwọn oko wa fúnra wa, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí èkejì sì wà ní gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn ọmọ wa ní òkè òkun ti ṣèlérí láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní lílo ètò náà. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan ní àdúgbò wa rìn yí oko rẹ̀ ká pẹ̀lú ọmọ tí ó mú fóònù, ó sì bi í pé, “Orúkọ ta ni o kọ síbẹ̀, tèmi ni àbí ti onísítọ́ọ̀?” Ọmọ náà ní, “Tiyín ni, Bàbá.” Bàbá ní kí ó kà á sí òun létí, ó sì bá a ṣàtúnṣe orúkọ agbolé rẹ̀ tí ó kọ ní àkọsí.

Ó ku ọ̀pọ̀ oko tí a kò tí ì dé, pàápàá àwọn tí ó wà lódìkejì odò. Kí àwọn olórí ẹbí jọ̀wọ́ fi orúkọ àwọn tí ń ṣe oko lórí ilẹ̀ wọn, àwọn tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ náà pẹ̀lú, ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí kòkó ọdún yìí tó pọ́n.