Metro 2033: Ìtàn Eré Ìdẹ́rùbà kan láti Ìlú Kyiv

Nígbà tí eré kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní Metro 2033 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2010, ó rọrùn láti kà á mọ́ ọ̀pọ̀ eré ìdẹ́rùbà ìgbà náà: ayé ti bàjẹ́, ẹranko abàmì ti gba ìgboro, ẹni tó ń ṣe eré sì ń wá ọ̀nà láti là á já. Ṣùgbọ́n ìtàn bí eré náà ṣe di eré jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Moscow, olú-ìlú Rọ́ṣíà, ni àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ti ń wáyé; Kyiv, olú-ìlú Ukraine, ni wọ́n ti ṣe é. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani nínú rẹ̀ kì í ṣe àlá lásán, nítorí ìlú méjèèjì ti rí díẹ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dmitry Glukhovsky, ẹni tí wọ́n bí ní Moscow ní ọdún 1979, ni ó kọ ìtàn àròsọ tí eré náà ti sú yọ. Ní ọdún 2002 ni ó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó bá wù lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ yẹn, Artyom tí í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn kú sójú ọ̀nà. Àwọn òǹkàwé kò gbà. Òǹkọ̀wé tún ìtàn náà ṣe, ó sì fà á gùn, kí ó tó di ìwé títẹ̀ ní ọdún 2005. Ìtàn náà sọ pé ogun átọ́míìkì pa ayé run ní ọdún 2013, àwọn ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù ní Moscow sì sá wọ ibùdókọ̀ reluwé abẹ́ ilẹ̀. Ní ogún ọdún lẹ́yìn náà, ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ti di ìlú tó ní oníbodè tirẹ̀. Àwọn kan ń tẹ̀lé ìlànà Kọ́múníìsì, àwọn kan ti gba ẹ̀kọ́ Hitler, àwọn oníṣòwò sì kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ Hanza. Ayé parí, ìjà àná kò parí.

Ibi ìsásí yìí kò ṣàdédé wá sọ́kàn òǹkọ̀wé. Ọdún 1935 ni wọ́n ṣí reluwé abẹ́ ilẹ̀ Moscow. Ní ọdún 1941, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí ìlú náà, ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú ń sá sí lóru. Nínú ibùdókọ̀ Mayakovskaya gan-an ni Stalin ti sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

Àwọn ará Kyiv náà ní ìrántí tiwọn. Ọdún 2006 ni àwọn kan tó kúrò ní ilé-iṣẹ́ GSC Game World dá 4A Games sílẹ̀ ní ìlú náà. GSC ni ó ṣe S.T.A.L.K.E.R., eré tó jáde ní ọdún 2007, tí ó dá lórí agbègbè Chernobyl. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹrin ọdún 1986 ni ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́míìkì Chernobyl gbaná, kò sì jìnnà sí Kyiv. Ní ọjọ́ kejì, ìjọba kó àwọn ará Pripyat, tí wọ́n tó 49,000, sínú bọ́ọ̀sì, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé ọjọ́ mélòó kan péré ni. Wọn kò padà wá gbé ibẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ìjọba Sófíẹ̀tì jẹ́ kí tọmọdé tàgbà yan ní ìgboro Kyiv láti ṣe àjọ̀dún àwọn òṣìṣẹ́, nígbà tí májèlé wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ bí ahoro ṣe ń rí.

Ọgbọ́n ìtàn-sísọ inú eré náà wà nínú ohun tí ọwọ́ ń ṣe, ó ju èyí tí ẹnu ń sọ lọ. Ọta ìbọn ni owó ibẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú ogun ni wọ́n fi ń nájà. Èyí tí wọ́n ń rọ lábẹ́ ilẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń jà. Ẹni tí ẹranko abàmì bá ká mọ́ lè ki ọta gidi bọ ìbọn, yóò sì pa á kíákíá, ṣùgbọ́n owó ọjà rẹ̀ ni ó ń yìn dànù yẹn. (Owó ẹyọ kò kó ẹnikẹ́ni sí irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ rí.) Bí Artyom bá jáde sórí ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wọ ìbòjú tí ń sẹ́ májèlé kúrò nínú afẹ́fẹ́. Asẹ́ inú rẹ̀ ń tán, aago ọwọ́ rẹ̀ sì ń ka ìṣẹ́jú tó kù. Bí nǹkan bá kọlu ìbòjú, gíláàsì rẹ̀ á sán. Ìró èémí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bani lẹ́rù ju ìrísí ẹranko èyíkéyìí lọ.

Ibi tí eré náà ti kúrò lójú ọ̀nà ìwé ni ìparí rẹ̀. Nínú méjèèjì, Artyom gun ilé-gogoro Ostankino láti tọ́ àdó olóró sọ́nà sí ibùgbé Àwọn Ẹni Òkùnkùn, àwọn ẹ̀dá tí gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀tá. Nínú ìwé, ó mọ̀ pé àlàáfíà ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Eré fi àyè ìdáríjì sílẹ̀, kìkì pé kò sọ bí a ṣe ń dé ibẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń ṣọ́ ìwà ẹni tó ń ṣe é: ṣé ó fún alágbe ní ọta? Ṣé ó dúró gbọ́ ìtàn àwọn tó jókòó ti iná? Ẹni tó kàn ń yìnbọn kọjá kò ní mọ̀ láé pé ọ̀nà mìíràn wà. Ìpinnu yìí ni ó gbé eré náà ga ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

THQ, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbé eré náà jáde, wọ gbèsè ní ọdún 2012, ọwọ́ Deep Silver sì ni Metro: Last Light ti jáde ní ọdún 2013. Metro Exodus tẹ̀lé e ní ọdún 2019.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 2022, àwọn ọmọ-ogun Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine. Ní òwúrọ̀ yẹn ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Kyiv ti gbé ọmọ, ológbò àti bùláńkẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ reluwé abẹ́ ilẹ̀ ìlú wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Arsenalna, jìn tó mítà 105. Ní Kharkiv, àwọn ìdílé kan gbé nínú ibùdókọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Glukhovsky bu ẹnu àtẹ́ lu ogun náà ní gbangba. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ kan ní Moscow dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́jọ fún un nígbà tí kò sí nílé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, nígbà tí eré àkọ́kọ́ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 4A Games kéde pé ogun ti mú kí àwọn yí ìtàn eré tó kàn padà, pé yóò ṣókùnkùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.