Clúmh: Ọ̀rọ̀ Áíríìṣì fún Ìyẹ́ àti Irun Ẹranko

Clúmh ni èdè Áíríìṣì, èdè ìbílẹ̀ Áyálándì, ń pe ìyẹ́ tó bo ara ẹyẹ. Òun náà ni ó ń pe irun múlọ́múlọ́ ara ẹranko. Yorùbá ya ìyẹ́ sọ́tọ̀ sí irun. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ajá ní ìyẹ́. Ìhùùhù ni ó sún mọ́ clúmh jù lọ, nítorí pé rírọ̀ ohun náà ni ọ̀rọ̀ yìí dì mú, kì í ṣe irú ẹ̀dá tó ni ín. Ẹyọ ìyẹ́ kan ní orúkọ tirẹ̀, cleite.

Ọ̀rọ̀ àyálò ni clúmh. Inú èdè Látìnì ni ó ti wá, níbi tí plūma ti jẹ́ ìyẹ́ kéékèèké tó rọ̀, tí penna sì jẹ́ ìyẹ́ ńlá tí ẹyẹ fi ń fò. Níbo wá ni p wọlé sí? Èdè tó bí Áíríìṣì ti sọ p tó jogún nù tipẹ́: níbi tí Látìnì ti ní pater (bàbá) àti piscis (ẹja), athair àti iasc ni Áíríìṣì ní. Àmì 20 tí Ogham, ọ̀nà ìkọ̀wé wọn àtijọ́, kọ́kọ́ ní kò ní p nínú. Ó ní àmì fún kw, ìyẹn k tí a fi ètè roboto pè. Kw yìí ni wọ́n fi rọ́pò p Látìnì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ ètè pòórá, k nìkan ló kù. Báyìí ni plūma di clúm, tí Pascha di Cáisc (Ọdún Àjíǹde), tí planta (ọ̀gbìn) sì di clann (ọmọ, ìran). Wẹ́lìṣì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ní plu, Pasg àti plant, nítorí pé kw tirẹ̀ ti di p.

Yorùbá náà kò ní p àfèjì-ètè-pè. Èyí tí a ń kọ ní p jẹ́ àfàfàséfètèpè. Òun ni a fi gba pan àti pound wọlé, tí wọ́n fi di páànù àti pọ́n-ùn. Ọgbọ́n kan náà ni, àfi pé tiwa kò tíì sọ ètè rẹ̀ nù.

Fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, c inú clúmh dà bí òǹtẹ̀ ọjọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tó dé lẹ́yìn tí p ti mọ́ wọn lẹ́nu kò pàdánù rẹ̀: peccatum di peaca (ẹ̀ṣẹ̀), pacem di póg (ìfẹnukonu). Clúmh ti wà ní Áyálándì kí peaca tó dé, bí kò tilẹ̀ sí ìwé tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.