Ọdẹ Ló Ṣí Ilẹ̀ Yìí: Ìtàn Iṣẹ́ Ọdẹ láti Ìṣẹrì dé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Tí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ajégúnlẹ̀ àti Olódì Àpápá, tí àwọn oníṣòwò ọjà Bọ́ńdírì ti palẹ̀ ẹrù mọ́, ọkùnrin kan á jáde síta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti fèrè. Á máa ti ojúlé kan dé òmíràn. Bó bá dé ìdí òpó iná, á fi irin lù ú gbàǹ-gbàǹ, kí ẹni tó sùn lè mọ̀ pé ojú ń bẹ lóde, kí olè náà sì mọ̀. Ọlọ́dẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Igbó kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹtu tàbí ìgalà tó lè pa. Ṣùgbọ́n ìtàn wà nínú orúkọ yẹn. Ọdẹ ló tẹ ilẹ̀ Àwórì dó, ọdẹ ló kọ́kọ́ ṣọ́ ọ, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń gbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ mọ ìtàn náà, ì báà jẹ́ Àwórì, Ìlàjẹ, Ìjọ, Urhobo tàbí Ìgbò.

Ògúnfúnminíre àti àwo tó rì

Ìtàn tí àwọn Àwórì gbà lẹ́nu baba wọn ni pé ọdẹ ni Ògúnfúnminíre, ẹni tí wọ́n tún ń pè ní Ọlọ́fin. Orúkọ rẹ̀ kò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́: Ògún, òrìṣà irin àti baba gbogbo ọdẹ, ló fún un ní ire. Ilé-Ifẹ̀ ló ti gbéra. Wọ́n ní wọ́n gbé àwo kan lé e lọ́wọ́ pé kó gbé e sójú omi, kó máa tẹ̀ lé e, ibi tí àwo bá rì sí ni kó tẹ̀ dó sí. Àwo náà bá odò Ògùn lọ títí ó fi dé Ìṣẹrì, ibẹ̀ ló sì rì sí. Nígbà tí wọ́n bi Ọlọ́fin pé àwo ńkọ́, ó dáhùn pé àwo ti rì. Ìdáhùn yìí ni wọ́n ní ó di Àwórì.

Láti Ìṣẹrì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí ọ̀sà, sí Ẹ̀búté Mẹ́tta àti Ìddó, kí wọ́n tó dé Erékùṣù Èkó. Àwọn Ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ Èkó, ń tọpa ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́fin. Olúwa wà lára wọn, ìdílé rẹ̀ ló sì ni ilẹ̀ Àpápá. Ọ̀jọ́rà tó ni Ìjọ́ra, tí kò jìnnà síbẹ̀, wà lára wọn pẹ̀lú.

Kì í ṣe Àwórì nìkan ni ọdẹ tẹ̀ dó fún. Ògúnlọlá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ọdẹ ni. Tìmẹ́yìn tó wà pẹ̀lú Láróòyè nígbà tí wọ́n tẹ Òṣogbo dó sí etí odò Ọ̀ṣun, ọdẹ ni òun náà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Kí àgbẹ̀ tó mọ ibi tí ilẹ̀ ti dára, ọdẹ ti sùn síbẹ̀. Òun ló mọ odò tí ẹ̀ẹ̀rùn kì í gbẹ, òun ló mọ ọ̀nà tí ẹranko ń gbà, òun náà ló mọ ibi tí ọ̀tá lè ba sí. Ẹni tó bá fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ lọ síbi tí ẹnìkan kò gbé rí, ẹnu ọdẹ ló ń wò.

Ìbọn, ègùn àti ajá

Ọmọdé ni wọ́n ti ń fi ọdẹ dídẹ kọ́ ọmọ. Á máa ru ẹrù bàbá rẹ̀ wọ igbó, á máa wo bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ewé gbígbẹ láìpariwo, bó ṣe ń mọ apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ kí ẹran má baà gbóòórùn rẹ̀. Á kọ́ bí a ṣe ń dẹ ẹ̀bìtì àti okùn, bí a ṣe ń rọ ẹ̀tù sínú ìbọn ṣákábùlà, àti bí a ṣe ń kan ègùn sórí igi, níbi tí ọdẹ máa ń jókòó sí de ẹran lóru. Á kọ́ ewé àti egbò tó ń wo ọgbẹ́ àti oró ejò. Ìmọ̀ ewé yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọdẹ jẹ́ oníṣègùn.

Ìlànà sì wà. Ọdẹ kì í dá wà. Ó ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ní Olúọdẹ tó ń darí rẹ̀. Awọ ẹkùn àti eyín erin kì í ṣe ohun tí ọdẹ lè dá mú lọ sílé, ti ọba ni. Ẹran tí ọdẹ bá pa, ará ilé àti aládùúgbò á jẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà le débi tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ.

Ajá ni alábàáṣiṣẹ́ ọdẹ Yorùbá. Ó ń gbóòórùn, ó ń lé, ó ń gbó kí olówó rẹ̀ mọ ibi tí ẹran wà, ọdẹ sì ń fi fèrè bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ àlọ́ dàgbà kò ní gbàgbé ọdẹ tí wọ́n ká mọ́ orí igi, tó ń pe ajá rẹ̀ mẹ́ta láti òkèèrè títí wọ́n fi dé wá gbà á là. Àlọ́ náà kọ́ ọmọdé pé ẹ̀mí ọdẹ lè wà lọ́wọ́ ẹranko tó tọ́ dáadáa.

Ohùn Ògún

Ọdẹ ní ìmọ̀ tó ju ti ìbọn lọ. Ìjálá ni ohùn wọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń kì Ògún, tí wọ́n ti ń kì orílẹ̀, tí wọ́n sì ń kì erin, ẹfọ̀n, ẹkùn àti ẹyẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwà, ìrìn àti ìrísí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá mọ̀ nípa ẹranko igbó, inú ìjálá ni kó wá a sí. Adébóyè Babalọlá fi ọ̀pọ̀ ọdún gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ, ìwé rẹ̀ lórí rẹ̀ sì jáde ní Oxford ní ọdún 1966. Ògúndáre Fọ́yánmu ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ohùn yìí kan náà sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, tó fi dé ilé àwọn tí kò wọ igbó rí.

Bí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé ni ẹgbẹ́ máa ń sun. Wọ́n á ṣe ìṣípà fún un: wọ́n á kó díẹ̀ nínú irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú igbó, kó lè dágbére fún iṣẹ́ tó ṣe láyé. Nínú ìwé kíkọ pẹ̀lú, ọdẹ ló ṣíwájú. Ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ kárí ilé ẹ̀kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, ìtàn ọdẹ ni. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ajégúnlẹ̀, àdúgbò tí olórin Daddy Showkey ti gbé orin galala jáde, mọ agbára ohùn. Kò yẹ kí ìjálá ṣàjèjì níbẹ̀.

Àpápá bọ́ sọ́wọ́ ìjọba

Ní ọdún 1913, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ ní Àpápá. Ilé ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yìí sọ pé Olúwa kò ní ilẹ̀ náà ní ti gidi, pé àṣẹ díẹ̀ ló ní lórí rẹ̀, àti pé ìwọ̀nba owó gbà-máà-bínú ló tọ́ sí i. Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ìgbà náà, kò gbà. Ó gbé ẹjọ́ dé ìlú Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ ní 1920. Ní 1921, ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a láre pé àwọn onílẹ̀ ló ni ilẹ̀ wọn, pé ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó ni kí ìjọba san. Ẹjọ́ yẹn di òpómúléró fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí Olúwa gbé lọ síwájú adájọ́ kò ju ohun tí ìtàn Ọlọ́fin ti ń sọ: a dé síbí, a tẹ̀ ẹ́ dó, a ni ín.

Ọdún 1921 kan náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èbúté Àpápá, wọ́n sì ṣí i ní 1926. Láti ìgbà náà, ilé ìkẹ́rùsí àti ọ̀nà rélùwéè gba ibi tí oko àti àbàtà wà. Àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní èbúté nílò ibi tí wọ́n máa sùn, Ajégúnlẹ̀ sì gbà wọ́n. Orúkọ rẹ̀ bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èbúté tó ń gbé ọrọ̀ wọlé ń gbé igbó jáde pẹ̀lú. Ní oṣù Jánúárì ọdún 2021, kọ́sítọ́ọ̀mù mú kọ̀ǹténà kan ní Àpápá tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí orílẹ̀-èdè Vietnam. Eyín erin, ìpẹ́ akika àti egungun kìnnìún ló kún inú rẹ̀. Iye tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọdẹ ìlú kan lè pa ní ìgbésí ayé rẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe irú òwò yìí ní iṣẹ́ ọdẹ. Ọdẹ ní Olúọdẹ tó ń bi í léèrè, ó ní ọba tó ń gba awọ ẹkùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń kó akika sínú kọ̀ǹténà kò bẹ̀rù ẹnìkan, òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1985 tó dáàbò bo àwọn ẹranko tó ń tán lọ kò sì jẹ ẹ́ lógún.

Bí ọdẹ ṣe di ọlọ́dẹ

Láyé àtijọ́, ẹni tó mọ igbó ni ìlú máa ń rán lọ wo ọ̀tá. Ọdẹ ló ń ṣe alamí, òun ló ń ṣíwájú ogun, òun náà ló ń yí ìlú ká lóru. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró tí ìlú sì ń fẹ̀, iṣẹ́ òru yìí ló kù fún un ní Èkó. Bí orúkọ ọdẹ ṣe wọ àdúgbò nìyẹn, tó sì lẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣọ́ ilé, ì báà má tíì fọwọ́ kan ìbọn rí.

Ìjọba kò gbàgbé ọdẹ pátápátá. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Jánúárì 2020, wọ́n mú ọdẹ mọ́ ọn, nítorí pé kò sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn ní igbó bí ọdẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí erin igbó ṣì ń gbé, àwọn tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀ṣọ́ tó ń dáàbò bo erin náà. Ìmọ̀ kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń fi ṣe ló yí padà.

Ohun tí àwọn ọdẹ onídì ṣe

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ní àṣà ọdẹ, a sì lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ní ìwọ̀-oòrùn Mòǹgólíà, ní agbègbè Bayan-Ölgii, àwọn Kazakh ń gun ẹṣin lọ ṣọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ehoro nígbà òtútù. Idì ló ń ṣe fún wọn ohun tí ajá ń ṣe fún wa. Bürkitshi ni wọ́n ń pe ọdẹ bẹ́ẹ̀. Abo idì ni wọ́n sábà máa ń mú, nítorí ó tóbi ju akọ lọ. Wọ́n á fọwọ́ ara wọn bọ́ ọ, wọ́n á fi awọ bo ojú rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, títí yóò fi mọ ohùn olówó rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á gbé e padà lọ sórí òkè, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ kó lè lọ bímọ.

Àṣà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní orílẹ̀-èdè Kazakhstan fúnra rẹ̀ nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní Mòǹgólíà ló ti ta gbòǹgbò dúró. Ní 1999, wọ́n dá ọdún idì sílẹ̀, oṣù Ọ̀kítóbà ni wọ́n ń ṣe é. Ní 2010, UNESCO fi ṣíṣọdẹ pẹ̀lú ẹyẹ sínú àkọsílẹ̀ àṣà gbogbo àgbáyé, Mòǹgólíà sì wà lára àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀. Kazakhstan dara pọ̀ ní 2016. Ní 2014, ọmọbìnrin ọlọ́dún 13 kan, Aisholpan Nurgaiv, borí gbogbo ọkùnrin tó bá a díje ní ọdún idì náà. Lónìí, àwọn èèyàn ń ti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lọ jókòó nínú òtútù kí wọ́n lè rí ọdẹ àti idì rẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ kò ṣe ju pé wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún àṣà wọn, wọ́n di ìlànà rẹ̀ mú, wọ́n sì jẹ́ kí àjèjì wá wò ó. Nílé níbí, Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi ti ń fi ẹja pípa ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1934.

Ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rí àṣà ọdẹ kò nílò láti rìn jìnnà. Ó lè lọ sí Ilé-Ifẹ̀ nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, nígbà tí Ọọ̀ni máa ń dé adé Àrẹ̀ lọ sí ojúbọ Ògún. Ó lè lọ sí Oǹdó tàbí Ìrè Èkìtì nígbà ọdún Ògún. Ọ̀nà Ọlọ́fin náà wà nílẹ̀ láti Ìṣẹrì dé Ìddó àti Àpápá, kò sì sí ohun tó ní kí àwọn ọmọ Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ má rìn ín lọ́jọ́ kan lọ́dún, kí ọdẹ ṣíwájú wọn, kí wọ́n sun ìjálá lẹ́nu ọ̀nà èbúté.

Iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ àwọn ìdílé onílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ Àpápá àti ti Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, àti àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ẹ wá àgbà ọdẹ tó bá kù lágbègbè yín, ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ìrèmọ̀jé. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní Ajégúnlẹ̀, fèrè yẹn ṣì ń dún lóròòru. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ.