Ǹjẹ́ Dírágónì Ti Gbé Ayé Rí? Egungun Inú Ilẹ̀ Ìfọ̀ àti Ìtàn Jobar

Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá dé orí kejìlá Ìwé Ìfihàn, wọ́n bá ẹranko pupa ńlá kan pàdé níbẹ̀, ẹranko olórí méje tí ó ní ìwo mẹ́wàá. Kì í ṣe pé èdè Yorùbá ṣe aláìní orúkọ fún àwọn afàyàfà: erè wà, òjòlá wà, ọká àti paramọ́lẹ̀ wà, ọ̀nì ń bẹ nínú ibú, agílíńtí ń bẹ létí odò. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwọ̀nyí kò sí ọ̀kan tí àwọn àgbà olùtumọ̀ náà gbà pé ó tó dípò ẹranko ọ̀hún. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yá orúkọ rẹ̀ láti òkèèrè, wọ́n sì kọ ọ́ ní dragoni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò dá ara wọn lójú lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní 1611, orí 34 Ìwé Àìsáyà sọ pé ahoro Édómù yóò di ibùgbé dírágónì. Nígbà tí wọ́n tún ìtumọ̀ náà ṣe ní 1885, dírágónì ti pòórá níbẹ̀, ajáko ni ó gba ipò rẹ̀. Ẹranko abàmì wá di ajá igbó lásán.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ti gbé ayé rí, ìbéèrè méjì ni ó ń béèrè pọ̀, ó sì yẹ kí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Èkíní ni bóyá ẹranko kan wà tí ó rí gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Yúróòpù ti í yà á: ẹsẹ̀ mẹ́rin nílẹ̀, ìyẹ́ méjì lẹ́yìn, iná lẹ́nu. Èyí kò pẹ́ẹ́ dáhùn. Gbogbo ẹranko eléegun-ẹ̀yìn tí ń gbé orí ilẹ̀, mẹ́rin ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ ẹyẹ ni ó di apá tí ó fi ń fò. Ọwọ́ àdán ni ó nà tí ó sì fi awọ bò. Ẹni tí ó bá fi ìyẹ́ méjì kún ẹsẹ̀ mẹ́rin ti da ẹranko méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ní ti iná, kò sí ẹranko kan tí ń tu ú. Ejò kan wà tí ń tu oró sí ènìyàn lójú láti òkèèrè, kòkòrò kékeré kan sì wà tí omi tí ń ti ìdí rẹ̀ jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ gbóná tó omi tí ń hó, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà mọ.

Ìbéèrè kejì ni ó le. Níbo ni àwọn ènìyàn ti rí ohun tí wọ́n fi dá ìtàn dírágónì sílẹ̀? Láti igbà pípẹ́ ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti ń sọ pé egungun ni: pé àwọn ará àtijọ́ wú egungun ńlá láti inú ilẹ̀, wọ́n sì wá ẹni tí wọn yóò fi ni ín. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún èrò yìí. Ní Klagenfurt ní ilẹ̀ Austria, agbárí kan tí wọ́n fi hàn fún àwọn ará ìlú bí orí dírágónì wá jẹ́ ti àgbáǹréré onírun ti ìgbà òtútù. Ní Ṣáínà, àwọn oníṣègùn a máa lọ egungun inú òkúta, wọn a sì tà á gẹ́gẹ́ bí egungun dírágónì.

Bí èrò yìí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kí ilẹ̀ Ìfọ̀ ní ìtàn dírágónì tirẹ̀. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà reluwé tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ẹ̀ka Ìlaròó ti yà nígbà kan rí. Lábẹ́ ilẹ̀ pupa agbègbè yìí, òkun ni ó sùn síbẹ̀. Ní 1924, W. Russ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ti ìjọba kọ̀wé nípa fọ́sífétì tí ó wà ní ìgbèríko Abẹ́òkúta. Inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Òṣòsùn nítòsí Ìfọ̀ ni eyín àti egungun ẹja wà. Ní Ewékorò tí kò jìnnà sí ibẹ̀, níbi tí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, òkúta ẹfun tí wọ́n ń fọ́ kún fún ìkarahun, iyùn òkun àti akàn. Ìwé tí O. S. Adegoke ti Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ jáde lórí wọn ní 1977 ni ó jẹ́ kí ayé mọ bí wọ́n ti pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá retí láti rí egungun dáínásọ̀ níbẹ̀ yóò kàn fi àárẹ̀ padà sílé ni, nítorí pé dáínásọ̀ ti kú tán ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, kí òkun tó kó òkúta ẹfun Ewékorò jọ.

Ní ilẹ̀ Ìgbò, ní Améki, ohun tí wọ́n rí tilẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. C. W. Andrews ti ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù gba egungun láti ibẹ̀: ní 1916, egungun àyà ẹyẹ òkun ńlá kan, tí ó sọ ní *Gigantornis eaglesomei*, ní 1920, baba ńlá àbùùbùtán, *Pappocetus lugardi*, ní 1924, eegun ẹ̀yìn ejò òkun. Eaglesome àti Lugard, òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwọn méjèèjì, àfi bí ẹni pé àwọn ẹranko tí ó ti kú láti ìgbà ìwáṣẹ̀ náà ń san owó orí fún wọn. Ejò ńlá, ẹyẹ ńlá, ẹran omi ńlá: gbogbo èròjà dírágónì ti pé. Síbẹ̀ kò sí ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí aṣálẹ̀ Niger, kí á wo ibi tí ìtàn wà. Ní agbègbè Agadez, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá iyanrìn kúrò lórí òkúta, egungun ńlá hàn síta, àwọn Túárégì sì mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ti ẹranko òmìrán kan tí ń jẹ́ Jobar ni. Nígbà tí Paul Sereno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú wọn jáde, tí wọ́n sì rí i pé dáínásọ̀ ọlọ́rùn gígùn ni, wọ́n fi orúkọ ìtàn náà sọ ọ́ ní 1999: *Jobaria tiguidensis*. Níhìn-ín, egungun àti ìtàn pàdé ní gbangba. Àwọn Túárégì kò sì ṣe àṣìṣe tó bí ẹni tí ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ti rò. Wọ́n mọ̀ pé egungun ni, wọ́n mọ̀ pé ẹranko ni ó ni ín, wọ́n sì mọ̀ pé ẹranko náà tóbi ju èyíkéyìí tí ó ṣẹ́kù lórí ilẹ̀ lọ. Ìgbà tí ó gbé ayé nìkan ni wọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù fúnra wọn kò mọ ìyẹn kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó dé. 1842 ni Richard Owen ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àwọn dáínásọ̀ ní orúkọ.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Agadez àti Ìfọ̀ ni pé ti Agadez hàn sójú, ti Ìfọ̀ sì sin sábẹ́ erùpẹ̀ àti igbó. Kò sí àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ jìn tó Ewékorò tí wọ́n fi àdó olóró fọ́ lónìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ará Ìbafọ̀ àti Mowé, tí ilẹ̀ wọn súnmọ́ àbàtà odò Ògùn: ohun tí ọdẹ àti apẹja ibẹ̀ bá pàdé kì í ṣe òkú egungun, erè àti ọ̀nì alààyè ni. Erè ilẹ̀ Áfíríkà lè gùn ju mítà márùn-ún lọ, ó sì lè gbé odidi ẹtu mì.

Bóyá èyí ni ó fà á tí ẹranko abàmì ilẹ̀ Yorùbá fi jẹ́ ejò tí kò ní ìyẹ́ tí kò sì tu iná. Òṣùmàrè ni wọ́n fi ṣe ejò ojú ọ̀run. Ní ilẹ̀ Dahomey, Dan Ayido Hwedo ni orúkọ rẹ̀, tẹ́ńpìlì ejò sì wà ní Ouidah títí di òní. Ojú ni wọ́n fi rí ejò náà, ojú ni wọ́n sì fi rí àwọ̀ méje lẹ́yìn òjò. Kò sí egungun tí ó gbọ́dọ̀ dá sí i. Nítorí náà, èrò àwọn tí ó ní egungun ni ó bí gbogbo dírágónì ayé kò dúró dáadáa. Ó tọ́ fún Jobar, ó sì tọ́ fún Klagenfurt. Fún Òṣùmàrè kò tọ́ rárá.

Ilẹ̀ Ewékorò ṣì ń ṣí. Ojú òkúta tí Adegoke kà kí ó tó kọ̀wé rẹ̀ kọ́ ni ó wà níbẹ̀ mọ́, nítorí pé bí wọ́n ti ń fọ́ ọ ni ó ń sún sẹ́yìn. Ohun tí wọn kò bá ṣà ní ọjọ́ tí ó yọjú, ẹ̀rọ yóò lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ ẹfun, yóò sì di sìmẹ́ǹtì.